Lẹ́tà Onígun Lára Ògiri

Alàgbà Ebenezer Ọdẹ́tọ́lá ń fọ ẹnu lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ìdímù, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti wá dárò ikú rẹ̀.

Obìnrin tó ṣíwájú wọn ń sunkún bọ̀. Ó rí Alàgbà tó dúró ti garawa omi pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó figbe ta, ó sì ṣẹ́rí padà. Alàgbà béèrè pé kí ló dé. Ọ̀kan nínú wọn kàn nawọ́ sí òde, sí ògiri tó dojú kọ géètì ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí Alàgbà ti ń ṣe olórí rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Póstà òkú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Àwòrán ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà láàárín, ó wọ sùtánà funfun. Lẹ́tà dúdú kìjikìji ló wà lókè àwòrán náà àti nísàlẹ̀ rẹ̀, irú lẹ́tà onígun tó máa ń wà lórí sátífíkéètì, tí èèyàn á máa wò bí ẹni ń wo irin ojú fèrèsé. Alàgbà sún mọ́ ọn. Ó wò ó pẹ́. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Élì," ló wí. "Élì..."

Ó sì ṣubú lulẹ̀.

Àwọn ọmọ ìjọ tó yí i ká mọ ọ̀rọ̀ náà nínú Bíbélì. Ohun tí Jésù ké lórí àgbélébùú nìyẹn kó tó jọ̀wọ́ ẹ̀mí. Ẹ̀rù bà wọ́n gidigidi. Wọ́n gbé Alàgbà dé ilé ìwòsàn, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru sókè tó fi di rọpárọsẹ̀. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti rí póstà márùn-ún irú èyí, gbogbo wọn láyìíká ilé Alàgbà àti ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀dọ́ fi ìbínú fà wọ́n ya. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dà lọ sí Egbeda, wọ́n wọ́ atẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Ayọ̀ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n sì lù ú débi pé ọlọ́pàá ló gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

*

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé Inspẹ́kítọ̀ Olúfúnmiláyọ̀ Sàlàkọ́ lọ́wọ́.

Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ohun kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ní àgọ́: kò lè ka ìwé kíá. Láti kékeré ni lẹ́tà ti máa ń rọ́ lu ara wọn lójú rẹ̀. Nítorí náà, ó máa ń fi ìka tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì máa jẹ wúyẹ́wúyẹ́. Àmọ́ àwọn tó ń ṣẹ̀fẹ̀ náà mọ̀ pé kì í ṣi nǹkan kà.

Ọ̀gá àgọ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà kò fẹ́ ìfalẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti búra pé tí ó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ọlọ́pàá kò tíì gbé Ayọ̀ lọ sílé ẹjọ́, àwọn á dáná sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyàwó Ayọ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn ló ń gbé inú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà, ìyàwó náà sì ti kọ̀ láti kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá ti rán ọlọ́pàá méjì lọ. Kò ní ẹlòmíràn tí yóò rán.

Inspẹ́kítọ̀ wo ojú fèrèsé. Àwọn aláṣọ funfun ti kún iwájú àgọ́. Wọn kò jókòó. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ nínú oòrùn, wọ́n á gbé orin, wọ́n á dá a dúró láàárín, wọ́n á tún gbé òmíràn. Òun náà kò lè jókòó. Aago mẹ́wàá ti kọjá.

*

Ohun tó kó bá Ayọ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Ní ìkórè èṣín, ó tẹ kàlẹ́ńdà fún ìjọ náà, ó sì fi lẹ́tà onígun kọ orúkọ ìjọ sókè rẹ̀. Alàgbà kò jẹ́ kí wọ́n pín in. Ó kó gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ níwájú èèyàn, ó ní òun kò fẹ́ rí lẹ́tà yẹn nínú ìjọ òun títí òun yóò fi kú. Ìtìjú mú kí ara kan Ayọ̀, ó sì dáhùn pé lẹ́tà yẹn gan-an lòun máa fi kọ orúkọ Alàgbà lọ́jọ́ tó bá kú. Ó ju ogún èèyàn tó gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n mú un wọlé, ojú rẹ̀ kan ti wú dí. Inspẹ́kítọ̀ tẹ́ àjákù póstà síwájú rẹ̀, èyí tó sàn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣà jọ. Àkọlé òkè ṣì pé: ÌKÉDE IKÚ. Àwòrán náà pé. Níbi tí orúkọ wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ya á, tó fi jẹ́ pé EZER ỌDẸ́TỌ́LÁ nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ayọ̀ wò ó. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí inú bí i.

"Madam, ṣé nǹkan báyìí lẹ rò pé ó tọwọ́ mi jáde?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ń já lu ọ̀rọ̀. Ó ní Old English làwọn atẹ̀wé ń pe lẹ́tà náà. Àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ló fi gègé ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: tí èèyàn bá fa gègé náà wálẹ̀, ìlà á nípọn, tó bá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà á tín-ín-rín. Ìdí nìyẹn tí àwọn lẹ́tà kékeré rẹ̀ fi máa ń dúró ṣinṣin bí irin géètì, ọ̀kan sún mọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ńlá rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ láti dá dúró níwájú ọ̀rọ̀ ni, bí ìgbà tí ọba bá ṣíwájú àwọn ìjòyè. Ẹni tó bá to lẹ́tà ńlá méje, mẹ́jọ tẹ̀ léra, ọba méje ló kó sínú yàrá kan yẹn. Wọ́n á máa bára wọn jà, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí wọn kà.

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ á fi rúlà gbá mi lórí tí mo bá ṣe báyìí," ló wí. "Ẹ lọ wo iṣẹ́ mi."

Inspẹ́kítọ̀ ti ní kí wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìka: sátífíkéètì ilé-ìwé àwọn tó ń kọ́ oúnjẹ sísè, àkọlé ìwé ìròyìn àdúgbò kan, bébà ara ìgò àgbo, fìlà àwọn ọmọ olórin kan ní Ikotun, kàlẹ́ńdà tí Alàgbà dà nù. Kò sí ọ̀kan tí lẹ́tà ńlá ti tẹ̀ léra. Síbẹ̀, ó sọ fún Ayọ̀ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ lè mọ̀ọ́mọ̀ ba ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n má bàa mọ̀ ọ́n.

Ayọ̀ ti àjákù póstà náà padà sọ́dọ̀ Inspẹ́kítọ̀.

Inspẹ́kítọ̀ fi ìka kan orúkọ náà. Ó ti ṣàkíyèsí pé Ọ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe onígun. Ẹ́ àti Ọ́ tó wà láàárín náà kì í ṣe onígun, lẹ́tà gbọọrọ lásán ni wọ́n, bí aṣọ tí wọ́n fi aṣọ mìíràn lẹ̀. Ó béèrè ìdí.

Ayọ̀ ní àwọn tó ṣe lẹ́tà náà kò ro Yorùbá mọ́ ọn. Kò sí lẹ́tà tó ní àmì abẹ́ níbẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, òun máa ń tẹ O lásán, òun á sì wá fọwọ́ ara òun gbé àmì sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá fi fóònù ṣe é, tó bá tẹ Ọ, fóònù náà kò ní rí i nínú lẹ́tà onígun, á sì lọ yá a níbòmíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ síbí nìyẹn. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn yọ àmì náà kúrò kí ó lè dọ́gba. Ta ló ń fi àmì sórí póstà?

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn Inspẹ́kítọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi póstà dẹ́rù bani, kí ló kàn án bóyá orúkọ náà pé tàbí kò pé? Ẹni tó ṣe eléyìí rí i pé àmì ń ba ẹwà iṣẹ́ òun jẹ́, ó sì fi í síbẹ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún orúkọ náà.

Ó fún Ayọ̀ ní bébà àti bírò, ó ní kí ó ya gbogbo lẹ́tà ńlá onígun sílẹ̀ fún òun láti A dé Z, kí ó sì kọ lẹ́tà lásán sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá pe Kọ́púrà Hàrúnà, ó fi nǹkan mìíràn hàn án lára àjákù náà: ìlà dúdú méjì tín-ín-rín ní apá ọ̀tún, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà kan náà wà lára gbogbo àjákù tó kù. Ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì tí nǹkan ti ha nínú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Hàrúnà wá ẹ̀rọ náà rí, kó bẹ̀rẹ̀ láti Egbeda, kó gba Ikotun jáde sí Igando.

"Ọ̀gá, gbogbo ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì tó wà lójú ọ̀nà yẹn?" ni Hàrúnà béèrè.

"Tètè bẹ̀rẹ̀," ni Inspẹ́kítọ̀ dá a lóhùn.

*

Ẹni kejì tí ó bi léèrè ọ̀rọ̀ ni Alàgbà Olúrẹ̀mí, igbá-kejì ní ìjọ náà, ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó ga, tí ohùn rẹ̀ le. Òun ló ń ṣáájú àwọn tó wà níwájú àgọ́. Tí Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá bá kú, òun ni yóò jókòó sórí àga rẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ kò fi ìyẹn pamọ́ fún un. Ọkùnrin náà dìde, ó ní òun kò wá síbẹ̀ kí wọ́n fi òun ṣe olè. Inspẹ́kítọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó, ó sì ti bébà síwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ bí ẹ ó ṣe kéde rẹ̀ ká ní Bàbá kú lóòótọ́."

Olúrẹ̀mí tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́. ÌPAPÒDÀ SÍNÚ ÒGO ló fi ṣe àkọlé. Ó kọ ọ́ pé Alàgbà ti sùn nínú Olúwa. Ó kọ ọjọ́ ìsìn àìsùn, ọjọ́ ìsìnkú, àti pé àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbà tó kọ ọ́ tán ló tó rí i pé omi ti dé ojú òun.

Inspẹ́kítọ̀ fi bébà náà ti ẹ̀gbẹ́ àjákù póstà. ÌKÉDE IKÚ. Kò sẹ́ni tó dàgbà nínú ìjọ yìí tí yóò kọ "ikú" gbági báyìí sórí póstà olórí rẹ̀, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tá rẹ̀ ni. Ó béèrè lọ́wọ́ Olúrẹ̀mí bóyá ó ka ìyókù póstà náà kí wọ́n tó ya á. Ó ní rárá, pé ta ló lè ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀? Àwòrán ni gbogbo àwọn wò. Alàgbà ni, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Àwọn sì rí Ọdẹ́tọ́lá.

"Ẹ rí Ọdẹ́tọ́lá," ni Inspẹ́kítọ̀ tún un sọ. Ó mú fìlà rẹ̀, ó mú bébà tí Ayọ̀ kọ, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí àwọn èrò má bàa dá a dúró.

*

Ó rìn yí ká àdúgbò ṣọ́ọ̀ṣì fún bíi wákàtí kan. Ojú ibi márùn-ún tí wọ́n ti fa póstà ya ṣì wà, gọ́ọ̀mù ṣì gbẹ mọ́ ògiri. Ohun kan yà á lẹ́nu: kò sí ọ̀kankan lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, tàbí lára ilé Alàgbà. Òdìkejì títì ni gbogbo wọn wà, bí ẹni pé ẹni tó lẹ̀ wọ́n kò fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ló ti rí ẹ̀kẹfà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Yanrìn tí wọ́n kó jọ ló fara bò ó. Aago kan ààbọ̀ ti lù. Inspẹ́kítọ̀ gbé bébà Ayọ̀ sọ́wọ́ òsì, ó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún lé lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú bébà.

E. Ó dá a mọ̀.

Èkejì jọ B lójú. Ó wá a nínú bébà lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe B. L ni, ọ̀ṣọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ló ká sókè. Ẹ̀kẹta, I. Lẹ́yìn náà ló wá kan E, Z, E, R.

Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà méje ni. Lẹ́tà mẹ́jọ ló wà nínú Ebenezer. ELIEZER ỌDẸ́TỌ́LÁ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ó mú ìka lọ sí ìlà ìsàlẹ̀, èyí tó kéré jù, tí gbogbo ayé fò dá. Ó pẹ́ kó tó kà á tán. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò ó.

Ó KÚ NÍ ỌJỌ́ JÍMỌ̀. A SIN ÍN NÍ ỌJỌ́ JÍMỌ̀. KÍ Ẹ̀GBỌ́N RẸ̀ LÈ GBỌ́.

Inspẹ́kítọ̀ jókòó sórí òkìtì yanrìn. Kò sí ẹni tó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Òkú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí wọ́n rò. Ẹni tó kú lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà, ilé Mùsùlùmí ló ti kú, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìsìn àìsùn tàbí ògo nínú póstà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan sì ló lè ka lẹ́tà yẹn lójú ẹsẹ̀, tó tún mọ̀ pé àbúrò òun tó jọ òun ló wà nínú àwòrán. Alàgbà kò ké pe Ọlọ́run kó tó ṣubú. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ló ń pè.

Ó ń fi ọ̀bẹ bó póstà náà jẹ́jẹ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Hàrúnà ni. Ṣọ́ọ̀bù kẹtàdínlógún tó dé, ní Igando, ni ẹ̀rọ onílà méjì náà wà.

*

Lucy ló ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì rántí iṣẹ́ ọ̀hún dáadáa. Ọmọbìnrin oníhíjáàbù kan ló mú un wá sínú fóònù lọ́jọ́ Ajé. Lucy ní òun sọ fún un pé kó yọ àwọn àmì yẹn kúrò jàre, pé wọ́n ń ba lẹ́tà jẹ́. Ọmọ náà ní rárá, pé bàbá òun kò ní jẹ́ kí òun sùn tí òun bá kọ orúkọ rẹ̀ láìfi àmì sí i. Ọmọ náà kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí Lucy gbàgbé rẹ̀. Ilé rẹ̀ kò jìnnà. Nusaibah lorúkọ rẹ̀.

Yàrá kan ni Nusaibah àti bàbá rẹ̀ ti ń gbé. Pátákó kún ara ògiri: ti ilé-kéwú, ti onígbàjámọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí kò wá gbà á mọ́, gbogbo wọn ní lẹ́tà onígun tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ, tó ń dán. Lẹ́tà ńlá kan níwájú, lẹ́tà kékeré tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin bí ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó rí aṣọ ọlọ́pàá, kò sì béèrè ohun tí wọ́n ń wá.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló rán yín?" ló wí.

Inspẹ́kítọ̀ kí i kú àráfẹ́rakù. Ó wá sọ fún un, láìfi bò, pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ rí póstà náà, ó ṣubú, ó wà nílé ìwòsàn. Ọmọ náà sún sẹ́yìn kí wọ́n lè wọlé.

Lẹ́yìn náà ló sọ ìtàn náà. Àlíyù ni gbogbo Igando mọ bàbá rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n Eliezer ni wọ́n sọ ọ́ nílé. Òun ló kọ pátákó àkọ́kọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. Nígbà tó fẹ́ ìyá Nusaibah, tó sì gba Ìsìláàmù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun pátákó náà ní ọ̀dà funfun, ó ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ àwọn mọ́. Ọgbọ̀n ọdún rèé. Ìyá Nusaibah kú, bàbá rẹ̀ náà wá ṣàìsàn. Kó tó kú, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà má ṣe wọ géètì wọn. Nusaibah kò mọ nọ́ńbà, kò mọ ẹnì kan. Ó wá fọ́tò kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ ti wọ sùtánà, kí ẹ̀gbọ́n náà lè dá a mọ̀. Lẹ́tà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ló wá rí nínú fóònù rẹ̀. Ó fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀ kí ó lè hàn láti òdìkejì títì.

"Mo lẹ̀ wọ́n lóru, mo sì dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́," ló wí. "Nígbà tí mi ò rí ẹni tó jáde, mo rò pé kò tíì dárí jì í. Mo lọ síbi iṣẹ́."

Aago mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

*

Ó ku ìṣẹ́jú méje kí aago mẹ́rin lù nígbà tí ọkọ̀ wọn dé iwájú àgọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti to ara wọn, ọ̀kan nínú wọn gbé kẹ́ẹ̀gì epo. Inspẹ́kítọ̀ kò lọ bá wọn. Alàgbà Olúrẹ̀mí ló pè wá sórí àtẹ̀gùn, ó tẹ́ póstà náà sí i lọ́wọ́ pẹ̀lú bébà Ayọ̀, ó ní kí ó fi ìka tẹ̀ lé e, kí ó kà á sókè fún àwọn èèyàn rẹ̀.

Olúrẹ̀mí kọ́kọ́ kọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Ní lẹ́tà kẹta, ó dúró. Ó tún un kà, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó ka orúkọ náà tán, ó ka ìlà ìsàlẹ̀ náà, ariwo sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá arúgbó kan láàárín wọn ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Élì," ni ìyá náà wí. "Élì tó ń kọ pátákó. Ẹ̀yin kò bá a níjọ."

Ọmọkùnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì gbé e sílẹ̀. Olúrẹ̀mí fúnra rẹ̀ ló wọlé lọ mú Ayọ̀ jáde nínú àhámọ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn. Ayọ̀ kàn béèrè ẹni tí yóò gbé òun lọ bá ìyàwó òun.

*

Kò ì tó aago mẹ́fà tí Inspẹ́kítọ̀ mú Nusaibah dé ilé ìwòsàn. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ní tí òun bá tún sún mọ́ ọn, òun á pa á tán. Inspẹ́kítọ̀ náà kò mọ̀ bóyá ohun tí òun ń ṣe yìí dára, nítorí dókítà ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí nǹkankan dà á lọ́kàn rú.

Alàgbà la ojú. Ó rí ọmọ náà, ó sì wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò béèrè ẹni tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tó wọ́ kò já gaara.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Inspẹ́kítọ̀ kò kọ́kọ́ lóye. Nusaibah lóye pé òkú bàbá òun ló ń béèrè. Nínú ẹ̀sìn tirẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni ló yẹ kó wẹ òkú ọkùnrin. Ó ní àwọn aládùúgbò ni, àti Lèmọ́mù.

"Kò sí ọkùnrin kankan láti ilé wa níbẹ̀, sà."

Alàgbà gbé ọwọ́ òsì, èyí tó ṣeé gbé, ó fi bojú. Èjìká kan ló ń mì. Èkejì kò mì. Inspẹ́kítọ̀ yíjú sí fèrèsé, ó ń wo àwọn èèyàn tó ń ti iṣẹ́ bọ̀ ní ìsàlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, kò sí ibi tó ń kánjú lọ.

Nígbà tó yá, Alàgbà béèrè orúkọ ọmọ náà. Ọmọ náà sọ ọ́ fún un. Alàgbà gbìyànjú láti pè é, ẹnu rẹ̀ kò gbà á, ìdajì orúkọ náà ló jáde. Ó nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ó tún gbìyànjú. Kò pé. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, sà," ni ọmọ náà wí. Alàgbà mi orí pé rárá.

"Nusaibah," ló pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì pé.

Ọmọ náà dá a lóhùn, ó sì wọlé wá jókòó.